Ṣé Sit-up Nìkan Lè Mú Ikùn Wálẹ̀?

 

Láti bí oṣù mélòó kan báyìí, ìbéèrè tí a ń gbà jù lẹ́yìn àsálátù kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀rọ̀ ikùn ni. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin fẹ́ mọ iye sit-up tí àwọn yóò máa ṣe lójúmọ́ kí ikùn àwọn tó pẹlẹbẹ. Àwọn ìyálọ́mọ ń béèrè tíì tí ń fa ikùn wọlé. Ọkọ kan tilẹ̀ ní kí a bá òun bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀, pé láti ìgbà tó ti bí ọmọ kẹta ni ikùn rẹ̀ kò ti padà sí ààyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ikùn ọkọ yìí gan-an ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé.

Ìdáhùn wa kò gùn. Sit-up, ìyẹn kí èèyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó máa gbé orí àti àyà dìde léraléra, máa ń mú iṣan ikùn lágbára. Kì í kó ọ̀rá tó bo iṣan náà lọ. Ẹni tó bá ń ṣe é kí iṣan rẹ̀ lè le yóò rí èrè rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é kí ikùn lè wálẹ̀, tí kò sì yí oúnjẹ padà, tí kì í rìn, yóò ṣe é títí tí yóò fi sú u. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀ tọ́ sí àlàyé, nítorí owó tí àwọn èèyàn ń ná lé e lórí kò kéré, àwọn ohun tí wọ́n sì ń gbé mì nítorí rẹ̀ ló ń já wa láyà jù.

Ohun tó wà nínú ikùn

Bí a bá fi ọwọ́ kan ikùn, awọ ni ọwọ́ kọ́kọ́ bà. Lábẹ́ awọ ni ọ̀rá kan wà tí a lè fi ìka méjì fún mú. Lábẹ́ ọ̀rá yìí ni iṣan ikùn wà. Méjì nínú wọn gùn gbọọrọ láti ìhà dé egungun abẹ́ ikùn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwọn ni wọ́n máa ń yọ ní ìpele-ìpele lára àwọn eléré ìdárayá. Àwọn mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ lọ, èyí tó sì wà ní inú pátápátá nínú wọn yí ikùn ká bí ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Lẹ́yìn iṣan ni ìfun, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà inú yòókù wà, ọ̀rá mìíràn sì wà láàárín wọn tí ọwọ́ kò lè mú láti ìta. Ọ̀rá inú yìí ló máa ń ti ikùn síwájú, tí yóò sì le bí awọ ìlù, pàápàá lára àwọn ọkùnrin.

Orí iṣan tó wà láàárín yẹn ni sit-up ti ń ṣiṣẹ́. Ó dà bí ẹni tó ń tún pátákó bẹ́ẹ̀dì kàn lábẹ́ tìmùtìmù. Pátákó lè le dáadáa. Tìmùtìmù kò torí ẹ̀ fẹ́lẹ́ sí i.

Ọ̀pọ̀ rò pé iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á máa jẹ ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ara bá nílò agbára, ó máa ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá jákèjádò ara ló sì ń gbọ́ ìpè náà. Wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e lọ fún iṣan tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rá tí iṣan ikùn ń lò lè jẹ́ ti apá, ó lè jẹ́ ti itan, ó lè jẹ́ ti ẹ̀yìn. Ẹni tó ń fa omi nínú kànga, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibi tó dúró sí nìkan ni omi ti ń fà. Ibi tí ọ̀rá yóò ti kọ́kọ́ dín àti ibi tí yóò ti dín kẹ́yìn kò sí lọ́wọ́ wa: bóyá èèyàn jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ohun tí a jogún lọ́dọ̀ òbí náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin sábà máa ń kó o sí ikùn. Obìnrin máa ń kó o sí ìdí àti itan títí nǹkan oṣù rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró, lẹ́yìn ìyẹn ni ikùn tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Àwọn onímọ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 1971, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì. Apá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tóbi ju èkejì lọ nítorí iṣan, ṣùgbọ́n ọ̀rá abẹ́ awọ apá méjèèjì dọ́gba. Ní 1984, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin mẹ́tàlá máa ṣe sit-up fún ọjọ́ 27. Kí ó tó parí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ṣe ju 5,000 lọ. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú ọ̀rá díẹ̀ ní ikùn wọn, ní ẹ̀yìn wọn àti ní ìdí wọn, wọ́n sì rí i pé bí ti ikùn ṣe dín náà ni ti àwọn ibi yòókù ṣe dín. Ní 2011, wọ́n pín èèyàn 24 sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ṣe oríṣi eré ìdárayá ikùn méje, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn yòókù kò ṣe é. Wọn kò sì yí oúnjẹ padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀rá ikùn àwọn tó ṣe é kò dín, ìwọ̀n ikùn wọn kò dín. Ohun tí wọ́n rí gbà ni pé wọ́n lè ṣe sit-up púpọ̀ sí i kí ó tó rẹ̀ wọ́n.

A kò ní fi pamọ́ pé ìwádìí kékeré ti jáde láìpẹ́ yìí tó ní bí èèyàn bá fi iṣan ikùn ṣiṣẹ́ fún àkókò gígùn, ó lè mú díẹ̀ kúrò lára ọ̀rá agbègbè ibẹ̀. Díẹ̀ náà ni díẹ̀. Kò tó ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ pa oúnjẹ àti ìrìn tì.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Òróró tàbí epo pupa tó kún ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní nǹkan bí kálórì 120. Ẹni tó wọn kílò 70, tó ṣe sit-up fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá (ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò ná, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe kékeré), kò tíì lo òróró ṣíbí kan yẹn tán. Kílò kan ọ̀rá ara sì ní nǹkan bí kálórì 7,700.

Òógùn ńkọ́? A mọ àwọn tó máa ń fi náílọ́ọ̀nù di ikùn kí wọ́n tó jáde lọ sáré, pé kí ọ̀rá lè yọ́. Omi àti iyọ̀ ni òógùn. Ife omi méjì péré, ó ti padà. Ní 2014, àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà ṣírò ibi tí ọ̀rá ń gbà lọ: bí ara bá lo ọ̀rá kílò mẹ́wàá, kílò 8.4 nínú rẹ̀ ni a ń mí síta bí afẹ́fẹ́, 1.6 tó kù ló ń di omi. Ohun tó ń mú wa mí hẹlẹhẹlẹ ló ń gbé ọ̀rá jáde, kì í ṣe ohun tó ń dì wá pa.

Ohun tí sit-up wúlò fún

A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa á tì. Iṣan ikùn ló ń gbá ẹ̀yìn dúró. Ẹni tí tirẹ̀ bá lágbára, ẹ̀yìn kì í tètè dùn ún. Á lè gbé kẹ́ẹ̀gì omi, á lè dìde láti orí ẹní láìdi ògiri mú, á sì lè nàró dáadáa. Nínínàró yìí ló fà á tí ikùn àwọn kan fi ń dà bí ẹni pé ó ti wọlé díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé téèpù kò rí ìyàtọ̀.

Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, ẹ ká orúnkún, ẹ fi ọwọ́ lé àyà. Ẹ má fi ọwọ́ fa ọrùn. Ẹ máa mí síta bí ẹ ti ń gbé orí àti èjìká sókè díẹ̀, kí ẹ máa mí wọlé bí ẹ ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ dìde jókòó tán. Mẹ́wàá, ẹ sinmi, mẹ́wàá sí i. Òmíràn tí a fẹ́ràn jù ú lọ ni kí ẹ da ojú bolẹ̀, kí ẹ fi ìgúnpá àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró, kí ara tọ́ gbọnrangandan bí pátákó, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ná. Ẹ ó máa fi kún un bí ó ti ń rọrùn. Ohun kan tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó sé èémí mọ́nú nígbà tó bá ń ṣe é. Ẹni tó ní ìpá, ẹni tó lóyún, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn fún gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn arábìnrin wa tí wọ́n ní kò sí ibi tí àwọn lè ti ṣe é láìbọ́ hìjáábù lójú àwọn èèyàn: yàrá àti ẹní ti tó. Kò sí ohun tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìdárayá olówó gọbọi fún iṣan ikùn tí kò ṣeé ṣe nínú yàrá.

Ohun tí ń mú ọ̀rá dín

Ìrìn ni àkọ́kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná díẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ó sì fún iṣan ní iṣẹ́ ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ti jẹ́ 150. Kò pọn dandan kí ẹ sáré. Ẹ rìn kánkán débi pé ẹ lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè dá wákà fún un. Irú ìrìn yìí máa ń mú ọ̀rá inú dín, àní nígbà tí òṣùwọ̀n kò bá tíì fi hàn pé èèyàn fúyẹ́. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀rá inú yẹn ni ó ń bá àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn rìn jù. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́sálásí, tó ń gun ọ̀kadà wá kírun, kí ó ro ti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wò.

Àwọn kan ti bi wá bóyá ìrun wákàtí márùn-ún kò tó ní eré ìdárayá. Rákà mẹ́tàdínlógún ni ti ọ̀ranyàn lójúmọ́, sùjúdù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sì wà nínú wọn. Ó ń na oríkèé, ó ń jẹ́ kí ara máa rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ fífúyẹ́ ni fún ara, kò tó láti mú ọ̀rá ikùn wálẹ̀. Ìjọsìn ni ìrun. A kò kí i nítorí kí ikùn lè pẹlẹbẹ, a kò sì fẹ́ràn bí àwọn kan ti ń polówó rẹ̀ bí ẹni ń polówó oògùn.

Ẹni tó bá rò pé eré ìdárayá kò bá ìwà Mùsùlùmí mu, kí ó rántí hádíìsì tó wà nínú àkójọ Abu Dawud nípa Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti ìyàwó rẹ̀ Àíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Àwọn méjèèjì sáré ìdíje. Àíṣà ló ṣáájú. Nígbà tó yá, tó ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì ló sì ṣáájú, ó wá bá a ṣàwàdà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wò ó dáadáa: ó bá a sáré ni. Ẹni tí ikùn ìyàwó rẹ̀ bá ń dùn, kí ó mú un lọ́wọ́ kí àwọn méjèèjì jọ rìn jáde lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Oúnjẹ ló wá kù, òun ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀bà tàbí àmàlà kọ́ ni ọ̀tá, bí àwọn kan ṣe máa ń pariwo. Bí òkèlè ṣe tóbi tó, iye epo tó léfòó lórí ọbẹ̀, àti ohun tí a fi ń ti oúnjẹ náà wọ ọ̀nà ọ̀fun ni kí a wò. A ti ka kálórì ṣíbí òróró kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá wo dòdò tó mu òróró yó, àkàrà àti pọ́fù-pọ́fù. Ẹ tún wo mínírà àti mọ́ọ̀tì. Ẹ ka ara ìgò: bí wọ́n bá kọ pé gíráàmù ṣúgà mẹ́wàá wà nínú mílílítà 100, ìgò 50cl kan ti gbé gíráàmù 50 wọlé nìyẹn, kò sì ní yó yín. Níbi wàlíímà kan, èèyàn lè mu méjì kí ìrẹsì tó dé iwájú rẹ̀. Zóbò tí a rò pé ewé lásán ni náà, ṣúgà tí a dà sí i ni kí a kà.

Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ìdílé ni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò, nítorí ẹni kan kò lè dá jẹ oúnjẹ ọ̀tọ̀ kó sì pẹ́. Ẹ fi ṣíbí wọn òróró dípò kí ẹ máa da á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì abọ́, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin má wọ́n níbẹ̀, kí òkèlè wá kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Omi ni kí ẹ fi mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ebi má baà jẹ́ kí ẹ fi iyán ńlá sùn. Kílò kan sí méjì lóṣù kì í ṣe ìtìjú. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni ó yá jù tí a lè gbà yín níyànjú rẹ̀. Ohun tó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi àti iṣan ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ni a ń sọ. Ọlọ́hun fi àyè gbà wá láti jẹ àti láti mu nínú Suratul A'raf, aya 31, Ó sì fi ààlà sí i. Hádíìsì Miqdam ọmọ Ma'di Karib, èyí tó wà lọ́dọ̀ Tirmidhi, pín ikùn sí mẹ́ta láàárín oúnjẹ, ohun mímu àti èémí fún ẹni tí òkèlè díẹ̀ kò bá tó. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá ìdá ti èémí ṣì wà lẹ́yìn ìṣínu Rọmọdáànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fúyẹ́ díẹ̀ nínú aáwẹ̀, ó sì máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu.

Kì í ṣe gbogbo ikùn tó yọ ni ọ̀rá

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kà jù. A ti rí arábìnrin tó ń ṣe sit-up ní àràárọ̀ lórí ikùn tó ń tóbi, tó ń mu tíì lé e, tó sì jẹ́ pé fáíbírọ́ìdì ló wà nínú ilé ọmọ rẹ̀. Kò sí iye sit-up tó lè mú ìyẹn lọ. Ikùn tó ń yọ nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ń rù, ikùn tó yára wú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikùn tí ẹsẹ̀ wíwú tàbí ojú pípọ́n bí òróró bá wá pẹ̀lú rẹ̀, ikùn tí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù fi ń ya púpọ̀, ikùn tí a fọwọ́ kàn tí a bá kókó nínú rẹ̀: ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kí wọ́n ṣe skáànù fún un. Omi lè gbára jọ sínú ikùn nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀. Ìpá lè yọ lójú ìdodo. Kí obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró, sì kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oyún kí ó tó gbé oògùnkóògùn sẹ́nu.

Ti àwọn ìyá ìkókó yàtọ̀ díẹ̀. Nígbà oyún, iṣan méjì tó gùn gbọọrọ yẹn máa ń ya kúrò lára ara wọn kí ọmọ lè ráyè. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, wọ́n á tún sún mọ́ra láàárín oṣù méjì lẹ́yìn ìbímọ. Fún àwọn mìíràn, àlàfo náà á ṣì wà. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, kí ẹ fi ìka tẹ àárín ikùn lẹ́bàá ìdodo. Bí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wọ àárín iṣan méjèèjì lẹ́yìn oṣù méjì, tàbí bí àárín ikùn bá yọ sókè bí òkè kékeré nígbà tí ẹ bá ń dìde, ẹ dá sit-up dúró. Ó lè máa ti àlàfo náà síta. Ẹ béèrè physiotherapist ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Wọ́n ní oríṣi eré ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná tí àwọn ìyá wa fi ń te ikùn, ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pa iṣan pọ̀, kì í sì í yọ́ ọ̀rá. Ó ti bó awọ àwọn kan. Ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ kan ojú abẹ rẹ̀.

Tíì, kápúsù àti abẹ́rẹ́

Àwa tí a wà nídìí oògùn mọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ tíì tí wọ́n ń pè ní ti ikùn pẹlẹbẹ. Ewé senna ni, oògùn ìyàgbẹ́. Ikùn á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì nítorí ìgbẹ́ àti omi tó jáde. Ọ̀rá kò kúrò níbì kan. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún oṣù bíi mélòó kan lè pàdánù pòtásíọ̀mù tí ọkàn fi ń lù déédéé, ìfun rẹ̀ sì lè máà fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ láìsí i. Ti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú ìtọ̀ wá tún burú jù, nítorí òun náà ń fa pòtásíọ̀mù jáde.

Èyí tó léwu jù ni kápúsù tí wọ́n kọ ewé lásán sí lára, tí wọ́n sì fi oògùn pamọ́ sínú rẹ̀. Sibutramine jẹ́ ọ̀kan. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kó o kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń bá a nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń ta ìrètí fún àwọn tó fẹ́ fọ́n. Ohun tí kò bá ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe arábìnrin yín nínú àsálátù ló ń tà á.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn tí wọ́n fẹ́ sanra kí ayẹyẹ tó dé máa ń ra dexamethasone tàbí prednisolone lọ́jà, wọ́n á sì máa lò ó fún oṣù púpọ̀. Oògùn yìí ló máa ń fa ọ̀rá jọ sí ikùn, sí ojú àti sí ẹ̀yìn ọrùn, tí apá àti ẹsẹ̀ á sì tín-ín-rín. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà ara sókè. Kò sí sit-up fún irú ikùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń lò ó tipẹ́, kí ó má ṣàdéédéé jáwọ́, nítorí ara rẹ̀ lè ti gbàgbé bí a ti ń ṣe tirẹ̀. Dókítà ni yóò máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan àti oògùn ọpọlọ kan lè mú èèyàn sanra. Ẹ má dá wọn dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ọ́ fún yín.

Bí ẹ ó ṣe wọn ìbàdí

Téèpù tí télọ̀ ń lò ti tó. Ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ìhà àti orí egungun ìbàdí, kí ẹ yí téèpù ká àárín méjèèjì lórí awọ. Ẹ mí síta bí ẹ ti máa ń mí, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá kà á. Fún ọkùnrin, ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 94, ó sì ti pọ̀ bí ó bá kọjá 102. Fún obìnrin, 80 àti 88 ni. Ọ̀nà tó rọrùn láti rántí ni kí ìbàdí má tó ìdajì gíga yín: ẹni tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 170, kí tirẹ̀ má dé 85. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́, kí ẹ má sì tún wọ̀n ọ́ mọ́ títí oṣù kan yóò fi pé. Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, tí ìbàdí sì ń dín, ẹ padà lọ bá dókítà, nítorí ìwọ̀n oògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ lè ti pọ̀ jù fún yín.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, níbi tábìlì tí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, téèpù wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn arábìnrin ní tiwọn lọ́hùn-ún lẹ́yìn aṣọ ìkélé, obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ni yóò sì wọ̀n wọ́n.